Wọ́n Ti Wó Dáàmù, Ṣé Odò Ti Sàn?

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa kan fi fídíò kékeré kan hàn wá ní kíláàsì. Ògiri kọnkéré ńlá kan ló wà láàárín òkè méjì. Nǹkan bú gbàmù nísàlẹ̀ rẹ̀, eruku sọ, omi tó dúdú bíi kọfí sì bẹ́ jáde láti ìdí ògiri náà, ó ń ru gùdù bí ẹni tí wọ́n há mọ́ yàrá láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn pé, "Odò ti gba ìdáǹdè o!" Kódà olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín.

Ibi tí wọ́n ti ya fídíò náà ni dáàmù Copco 1, lórí odò Klamath ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní ọdún 2024. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa odò yìí, bí mo sì ṣe ń kà á ni mo ń rí i pé àtẹ́wọ́ wa ti yá jù. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde sọ kò ju pé dáàmù tí wọ́n wó, ìlẹ̀kùn ni wọ́n ṣí. Iṣẹ́ tó wà nínú ilé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà ṣì pọ̀, orí ilẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, kì í ṣe inú omi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí odò náà ṣe rí. Klamath ṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó la àárín òkè kọjá sí Kalifóníà, ó sì já sínú òkun Pàsífíìkì. Gígùn rẹ̀ lé ní 400 kìlómítà. Odò tó pọ̀ jù máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí òkè níbi tí omi ti tutù, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ níbi tí àwọn àgbẹ̀ wà. Ti Klamath yàtọ̀. Orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín oko àti adágún tí kò jìn, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àárín òkè. Nítorí náà, ohun tí wọ́n bá dà sómi ní orísun, ẹja á bá a pàdé ní gbogbo ọ̀nà títí dé òkun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹja tí wọ́n mọ odò yìí mọ́ ni sámọ́nì, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní Chinook. Inú omi tútù tó ń ṣàn lórí òkúta wẹ́wẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Ọmọ á jáde nínú ẹyin, á dàgbà díẹ̀, á bá omi lọ sí òkun. Tó bá tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, á kọjú sí ìṣàn omi, á padà wá sí odò tí wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló máa ń yé ẹyin, ibẹ̀ náà ló máa ń kú sí. Òkú rẹ̀ á di oúnjẹ fún béárì, fún ẹyẹ, fún kòkòrò àti fún igi etí odò. Tí a bá yọ ti Alaska kúrò, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé Columbia àti Sacramento nìkan ló ju Klamath lọ nínú iye sámọ́nì ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn ẹ̀yà Yurok, Karuk, Hoopa àti Klamath ti ń jẹ ẹ́ kí òyìnbó kankan tó dé ibẹ̀. Ní 2019, ìgbìmọ̀ àwọn Yurok ṣòfin pé odò náà ní ẹ̀tọ́ bí èèyàn ṣe ní in. Ẹni tó bá ti jókòó sétí odò Ọ̀ṣun rí kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárín 1918 sí 1962 ni dáàmù mẹ́rin tí a ń sọ yìí dìde: Copco 1, Copco 2, J.C. Boyle àti Iron Gate. Nítorí iná mànàmáná ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Wọn kì í fún oko lómi, iná tí wọ́n sì ń mú wá kò tó ìdá 2 nínú 100 iná tí iléeṣẹ́ tó ni wọ́n ń tà. Ẹja tó bá ń bọ̀ láti òkun, ìsàlẹ̀ Iron Gate ni ìrìn rẹ̀ parí sí. Omi jókòó sẹ́yìn ògiri, oòrùn ń yan án, ewéko omi bíntín-bíntín tó ń yọ májèlé bò ó lójú bí ewédú tó ti ṣá. Lọ́pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń lẹ ìwé ìkìlọ̀ sétí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pé kí èèyàn má wẹ̀ níbẹ̀, kí ajá má mu níbẹ̀. Nísàlẹ̀ dáàmù, omi tí kì í ru mọ́ yìí ń tọ́ kòkòrò afòmọ́ tó ń pa àwọn ọmọ sámọ́nì. Lédè tiwa, dáàmù di dààmú, kò tún gba àlàyé.

Ní oṣù kẹsàn-án 2002, ọ̀rọ̀ náà bú. Omi lọ sílẹ̀, ó gbóná, àwọn sámọ́nì tó ń ti òkun bọ̀ ṣù jọ sójú kan, àrùn sì wọ àárín wọn. Ó kéré tán, ẹja 34,000 ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn Yurok. Àwọn ọ̀dọ́ tó fojú ara wọn rí i wà lára àwọn tó wá di agbẹjọ́rò àti onímọ̀ ẹja tó gbé ìjà náà dé òpin. Ní 2004 wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Scotland, torí pé iléeṣẹ́ ilẹ̀ náà ló ni dáàmù wọ̀nyí nígbà yẹn, wọ́n lọ bá àwọn onípìn-ín níbi ìpàdé ọdọọdún wọn. Nígbà tí àwọn dáàmù náà bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Warren Buffett, wọ́n tún tẹ̀lé e lọ sí Omaha. Èmi fẹ́ràn apá ìtàn yìí púpọ̀: àwọn apẹja tó lọ kan ìlẹ̀kùn olówó ní ilé rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, owó wà lára ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé àṣẹ àwọn dáàmù náà parí ní 2006. Láti gba òmíràn, iléeṣẹ́ ní láti ṣe ọ̀nà tí ẹja lè gbà gòkè, ìṣirò sì fi hàn pé ìyẹn lè gbówó lórí ju wíwó wọn lọ. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2022. Owó iṣẹ́ náà tó 450 mílíọ̀nù dọ́là, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń san owó iná àti láti inú owó tí ìpínlẹ̀ Kalifóníà yá fún ọ̀rọ̀ omi. Copco 2 kọ́kọ́ lọ ní 2023, àwọn mẹ́ta yòókù tẹ̀lé e ní 2024. Iṣẹ́ parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, wọ́n rí Chinook nínú odò kékeré kan ní Oregon, lókè ibi tí J.C. Boyle dúró sí tẹ́lẹ̀. Láti 1912, irú rẹ̀ kò débẹ̀ mọ́. Ẹja náà ti wẹ̀ ju 350 kìlómítà lọ láti òkun, ó lọ síbi tí ìyá ìyá rẹ̀ kò dé rí. Tí mo bá sọ pé orí mi kò wú nígbà tí mo kà á, irọ́ ni mo pa.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan nìyí. Ọ̀rẹ́ mi yìí ní adágún méjì sí ẹ̀yìn ilé àwọn òbí rẹ̀, àrọ̀ ló sì fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n ń fi gbogbo owó yẹn wó ògiri sí? Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìtọ́mọ ẹja, ìyẹn hatchery tí gbogbo wa mọ̀, kí wọ́n tú mílíọ̀nù ọmọ ẹja sínú odò lọ́dọọdún, kí kálukú máa pa ẹja rẹ̀ jẹ.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni wọ́n dá ilé ìtọ́mọ kan sílẹ̀ nídìí Iron Gate gan-an, gẹ́gẹ́ bí ìtánràn fún ọ̀nà tí dáàmù dí. Ó ń tú mílíọ̀nù mélòó kan ọmọ ẹja sódò lọ́dọọdún, ẹja odò náà sì ń dín kù síbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wíwó dáàmù ń lọ lọ́wọ́, ní oṣù kejì 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tú ọmọ Chinook bí 830,000 láti ilé ìtọ́mọ tuntun kan sínú odò. Wọ́n gba inú ihò tó wà nísàlẹ̀ Iron Gate kọjá, ìfúnpá omi ibẹ̀ sì fi afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló kú. Àwọn tó ń tako wíwó dáàmù pariwo ẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní pé òun ni ẹ̀rí tí wọ́n ń wá. Lójú tèmi, ohun mìíràn ló jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀: ọmọ ẹja tó bá dàgbà nínú agbada ni ẹ lè pàdánù 830,000 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí àṣìṣe ọjọ́ kan. Èyí tó bá wà káàkiri nínú àwọn odò kéékèèké, tó ń jáde lọ́sẹ̀ yìí ní ibì kan àti lóṣù tó ń bọ̀ ní ibòmíràn, kò sí ihò kan tó lè gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ara wa níhìn-ín. Nínú ẹ̀ka wa, tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹja, adágún kọnkéré, oúnjẹ ẹja àti iye tí àpò kan ti dà ni ọkàn gbogbo wa ń lọ sí. Èmi náà wà níbẹ̀. Àrọ̀ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ a máa mí afẹ́fẹ́ òkè, ó lè gbé nínú omi tí èmi àti ẹ kò lè fẹsẹ̀ wọ̀. Ẹja tó bá fara da ìwà burúkú èèyàn tó bẹ́ẹ̀ kò lè kọ́ni bí omi ṣe yẹ kó rí. Sámọ́nì kò ní irú sùúrù yẹn. Omi tó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ti ń nà án lẹ́gba. Tó bá rí ẹrẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹyin rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹja, kódà èyí tí kò ní fojú kan sámọ́nì láyé rẹ̀, mọ ìtàn rẹ̀: ó ń fi agbára mú ọ wo ilẹ̀ tó yí omi ká.

Ẹ wo àwọn odò tó ń ṣàn wọ Klamath. Scott àti Shasta wà lára wọn, méjèèjì nísàlẹ̀ ibi tí àwọn dáàmù náà wà, kò sì sí ìkankan nínú dáàmù tí wọ́n wó tó dí ọ̀nà wọn. Shasta ń rí omi tútù gbà láti inú ìsun tó wá láti òkè Shasta, omi tí sámọ́nì ìbá fi ṣe ààfin. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ àti olówó màlúù ń fa omi náà sórí koríko màlúù. Ní Scott, kànga lórí oko ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ débi pé apá kan odò máa ń gbẹ pátápátá. Ní oṣù kẹjọ 2022, ọ̀dá mú, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n dẹ́kun fífa omi Shasta. Àwọn olówó màlúù kan tan ẹ̀rọ wọn, wọ́n fa omi fún ọjọ́ mẹ́jọ. Láàárín òru kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta omi odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Owó ìtanràn wọn? 4,000 dọ́là, ìyẹn 500 lójúmọ́. Tí wọ́n bá pín in láàárín ara wọn, kò lè ra ọ̀sẹ̀ kan koríko fún màlúù wọn. Ìpínlẹ̀ náà tún òfin ṣe ní 2024 kí ìtanràn lè dun ẹni tó bá san án, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ta ni ó ya fídíò ọjọ́ tí odò Scott gbẹ, tí olùkọ́ wa ì bá fi hàn wá? Odò tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ kì í bú gbàmù.

Ẹ má sì ṣe rò pé mo ń sọ àgbẹ̀ di ọ̀tá. Lókè lọ́hùn-ún ní orísun, lẹ́yìn ogun àgbáyé méjèèjì, ìjọba ló fúnra rẹ̀ pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó darí dé. Ìjọba ló sọ fún wọn pé omi wà. Ní 2001 tí ọ̀dá dé, ìjọba kan náà ti omi mọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lójú nítorí ẹja, ọ̀pọ̀ ẹbí sì wọ gbèsè. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣí omi fún oko, òun náà sì ni ọdún tí ẹja 34,000 kú. Ẹni méjì ni wọ́n ṣèlérí omi kan fún. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tún odò náà ṣe láìjókòó ti àgbẹ̀ Oregon, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń sọ.

Ohun tó wà lókè náà kì í ṣe ti pípín omi nìkan. Ìgbà kan rí, irà ńlá ló yí Upper Klamath Lake ká. Irà ló ń sẹ́ omi: koríko ibẹ̀ á gba ẹrẹ̀ dúró, á fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mu kó tó dé adágún. Wọ́n fi odi dí omi kúrò lórí ilẹ̀ náà, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi dáko. Ohun tí irà ń sẹ́ ń lọ tààrà sínú adágún báyìí, òun ló sì ń bọ́ ewéko olóró tí mo ní ó dà bí ewédú níṣàájú. Ẹja méjì tí àwọn Klamath ń pè ní c'waam àti koptu wà nínú adágún náà, ìjọba ti kọ wọ́n sára ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun láti 1988. Wọ́n ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í wó odi padà ní apá ibì kan kí omi adágún lè tún wọ irà. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo rárá nìyí, mo sì gbà pé bó bá yá, òun ni yóò sọ bóyá omi tó dé ìsàlẹ̀ yóò ṣeé gbé fún ẹja.

Iná ńkọ́? Ó yà mí lẹ́nu láti rí iná nínú ìtàn odò. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Karuk ti máa ń sun igbó wọn díẹ̀díẹ̀, ní àsìkò tó yẹ, kí igi gbígbẹ má baà ṣù jọ. Wọ́n tún mọ̀ pé èéfín a máa bo oòrùn lójú, omi odò á sì tutù díẹ̀ nígbà tí ẹja nílò rẹ̀ jù. Ìjọba fi òfin de iná náà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Igbó ki, igi gbígbẹ pọ̀. Ní ìparí oṣù keje 2022, iná ńlá kan jó òkè tó wà létí odò, kò sì pẹ́ tí òjò líle rọ̀ sórí eérú náà. Ẹrẹ̀ àti igi jíjó ya wọ Klamath, afẹ́fẹ́ tán nínú omi, ẹja kú lọ súà. Kò sí dáàmù kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó fẹ́ tún odò ṣe ní láti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sun igbó, ẹ̀kọ́ yẹn kò sì sí nínú ìwé tí èmi ń kà.

Níbi tí àwọn dáàmù ti kúrò pàápàá, ohun tí mo kà tó wú mi lórí jù ni irúgbìn. Nígbà tí omi adágún lọ tán, ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó lé ní 800 hẹ́kítà yọ síta, ìhòòhò. Tí ẹ bá fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, èpò àjèjì ni yóò kọ́kọ́ gbà á, òjò yóò sì máa fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ sódò. Nítorí náà, ọdún mélòó kan ṣáájú kí wọ́n tó tú omi, àwọn òṣìṣẹ́ Yurok ti ń rìn kiri òkè, wọ́n ń fi ọwọ́ já irúgbìn koríko àti òdòdó ilẹ̀ náà. Wọ́n fi wọ́n lé àwọn oko irúgbìn lọ́wọ́ títí wọ́n fi di ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù, wọ́n sì fọ́n wọn bí omi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lójú tèmi, ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ mú àpò lọ́wọ́ tó lọ já koríko ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ṣe díẹ̀ ṣáájú ìbúgbàmù tí a pàtẹ́wọ́ fún.

Àwọn kan pàdánù o. Àwọn tó ra ilé sétí adágún Copco nítorí omi tó tẹ́ lọ salalu níwájú wọn, pápá ni wọ́n ń wò báyìí, ìbínú wọn sì yé mi.

Mo ka gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi alárọ̀ lójú pópó họ́stẹ́ẹ̀lì. Ó gbọ́, ó fi ọwọ́ yún orí. Ó ní òun gbà pé ilé ìtọ́mọ kò tó, ṣùgbọ́n òun kò gbà pé àwọn àgbẹ̀ Scott àti Shasta yóò fi omi sílẹ̀ láéláé, àti pé bí wọn kò bá fi í sílẹ̀, 450 mílíọ̀nù dọ́là lọ síbi omi wọ́. Mo sọ fún un pé ní 2025, àwọn sámọ́nì kan ti gòkè kọjá dáàmù Keno àti Link River, méjì tí wọ́n kò wó, wọ́n sì ti dé inú Upper Klamath Lake. Ó ní, "Kí wọ́n débẹ̀ kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé ọmọ wọn á yè?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin tí wọ́n yé sí òkè ibi tí dáàmù wà ní ìgbà ìwọ́wé 2024, bí ó bá yè, láàárín 2027 sí 2029 ni ẹja inú rẹ̀ yóò máa ti òkun padà bọ̀. A ti ta á. Bí iye tó padà ní 2029 kò bá ju ti 2024 lọ, èmi ni n ó ra oúnjẹ ẹja fún adágún rẹ̀ méjèèjì fún oṣù kan. Bí ó bá jù ú lọ, òun ni yóò san owó ọkọ̀ mi lọ sí orísun odò tó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé wọn, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀.